Ìjàpá Fòfin De Oòrùn

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àyọ̀ká, n kò gbọ́ tìrẹ. Àbí oúnjẹ ló dí ọ lẹ́nu? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ré kọjá oko, ó ré kọjá odò, ó lọ gúnlẹ̀ sórí àpáta gbígbóná. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, òun àti ìdí tó fi máa ń fa orí wọlé bó bá ń yá oòrùn. Ẹ jókòó dáadáa.

Ìlú àwọn ẹranko ní àpáta kan tó tẹ́jú bí ẹní. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá gbogbo nǹkan: gbodo, ata, ilá, aṣọ. Bí gbodo bá ti gbẹ, wọn á kó o lọ gún fún ẹ̀lúbọ́. Oòrùn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí Ìjàpá nínú.

Ìjàpá ní kòtò kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Èédú ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, òkúta dúdú tó ń jó bí igi. Ó wà á jọ títí, kò rí ẹni bá a rà á. Ta ló máa ra iná nígbà tí oòrùn wà lókè lọ́fẹ̀ẹ́? Lọ́dún kan, òjò rọ̀ ní àsìkò tí kò yẹ kó rọ̀, gbodo orí àpáta bu, gbogbo ìlú ń kanra. Inú Ìjàpá dùn. Ó gbọ̀nà ààfin Ọba Erin lọ.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ jẹ́ n bèèrè nǹkan kan. Níbo ni oòrùn ti ń yọ?"

"Lẹ́yìn òkè," Ọba Erin dáhùn.

"Ta ló ni ẹ̀yìn òkè?"

"Àwọn ará ìlú Ẹkùn."

"Háà! Ẹ ò rí i! Ọwọ́ Ẹkùn la ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí! Bí Ẹkùn bá di oòrùn mú lọ́la ńkọ́?"

Ọkàn ọba ò balẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó di oòrùn mú rí, ṣùgbọ́n ọba ò rò ó débẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe ìlú jọ. Ìjàpá ti sun àgbàdo lórí èédú rẹ̀, ó pín in fún gbogbo ìjòyè. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ló dá orin:

Oòrùn ń sùn lálẹ́ o,
— Èédú ò sùn!
Oòrùn ń sá fójò o,
— Èédú ò sá!
Ìjàpá ló lèédú,
— Èédú ò sùn!

Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Àwọn tó gbè é lọ́jọ́ náà, àgbàdo kún ẹnu wọn, wọ́n sì ṣe é ju báyìí lọ.

Alángbá nìkan ni kò gbè é. Ó dìde. "Ìjàpá, iṣu ta ni oòrùn gbà rí? Èédú tìrẹ ńkọ́, kí lo máa gbà?"

"Ìdajì péré ni."

"Ìdajì iṣu wa?"

"Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀!" Ìjàpá kígbe. "Ọ̀lẹ tó ń nà gbalaja sórí àpáta látàárọ̀! Oòrùn ló bà á jẹ́. Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká fòfin dè é. Kẹ́nikẹ́ni má sá iṣu sí oòrùn mọ́, ọ̀dọ̀ èédú ni kó máa gbé e wá; kó má sá aṣọ, kó má sá ara rẹ̀ pàápàá. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ká gbé e sórí èédú kó gbẹ, kó lè mọ èyí tó dára jù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí òfin ṣe dé nìyẹn.

Ìyá Òkété ni ìyà náà jẹ jù. Opó ni, ọmọ rẹ̀ sì pọ̀. Iṣu tó kó jọ ni wọn ó máa jẹ títí iṣu tuntun yóò fi dé. Ìjàpá gba ìdajì. Èyí tí wọ́n yan lórí èédú nínú ìyókù dúdú, ó ń rùn, àwọn ọmọ fẹnu kàn án, wọ́n tu ú dànù. Ó lọ bá Ìjàpá.

"Baba, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ n sá èyí tó kù sórí àpáta. Ebi máa pa àwọn ọmọ mi."

"Ìyá Òkété, ó dùn mí fún yín o. Ṣùgbọ́n òfin ni. Èmi kọ́ ló ṣe é, ìlú ló ṣe é."

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀dájú ẹ̀dá!

Kò pẹ́ tí ọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, nítorí èéfín ti kún ààfin. Ó ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, ẹ má bínú, mi ò tíì fọ̀ ọ́ ni." Ló bá kó èédú lọ sódò, ó mú ọṣẹ, ó mú kànìnkànìn, ó ń fọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé. "Èédú tó mọ́ rèé!" Wọ́n fi èédú tútù náà dáná, èéfín wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Èéfín tó ti wẹ̀ nìyẹn," Ìjàpá ní. "Kì í dun ọ̀fun."

Ọba wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ìjòyè ní àwọn náà rí i pé èéfín náà mọ́.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé. Ara Ìjàpá kì í móoru fúnra rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò nà, ọrùn rẹ̀ ò yí. Yánníbo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú. Apá kan ń jó o, apá kejì le gbagidi, èéfín ń ta á lójú.

"Ọkọ mi, oòrùn nìkan ló lè gbà yín," Yánníbo ní.

"Má sọ̀rọ̀ sókè! Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni níta?"

Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ẹ̀yìn àpáta. Ó na ọrùn, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oòrùn wọ̀ ọ́ lára, ó dùn mọ́ ọn. Kó tó mọ̀, ó ti ń hanrun.

Ìyá Òkété ló dé. Ó di gbodo tútù sábẹ́ aṣọ, ó fẹ́ jí oòrùn díẹ̀ lò, nítorí kò sí oúnjẹ nílé mọ́. Ó rí Ìjàpá. Inú bí i débi pé ó fẹ́ kígbe. Ló bá tún rò ó. Ó rọra to gbodo rẹ̀ sórí ẹ̀yìn Ìjàpá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí àyè mọ́. Ìgbà náà ló wá figbe ta.

Gbogbo ìlú tú jáde. Ìjàpá ta gìrì, gbodo ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìjàpá, kí lò ń ṣe níbẹ̀?" ọba bèèrè.

"Kábíyèsí, iṣẹ́ ìlú ni. Mò ń ṣọ́ oòrùn."

"Pẹ̀lú ojú dídì?" Alángbá bi í.

"Ìyá Òkété ńkọ́?" Ìjàpá yáa yí ọ̀rọ̀ padà. "Ó sá gbodo! Ẹ mú un!"

Ìyá Òkété kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, òfin ní ká gbé iṣu sọ́dọ̀ èédú. Ta ló tún sún mọ́ èédú ju ẹni tó ni ín lọ?"

Ọba rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tó mí tán, ó ní, "Ẹ gbé Ìjàpá sórí iná. Èyí tó fọṣẹ fọ̀ ni kẹ́ ẹ dá fún un."

Wọ́n gbé e lé e. Èéfín bò ó.

"Yéè! Ẹ gbé mi kúrò! Ẹ gbé mi lọ sí oòrùn!"

"Oòrùn àwọn Ẹkùn?" Alángbá bèèrè.

"Ti gbogbo wa ni! Irọ́ ni mo pa! Ẹ gbà mí o!"

Ọba ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fagi lé òfin náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn àká Ìjàpá, Ìyá Òkété kó iṣu rẹ̀ padà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹun yó lọ́dún náà. Àwọn ìjòyè tó jẹ àgbàdo ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti dúdú. Kò lè ṣe kó má yá oòrùn, ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ báyìí, òfin tó fẹnu ara rẹ̀ ṣe ló máa ń rántí, á sì sáré fa orí wọlé.

Ibi tí mo bá àlọ́ yìí ni mo gbé e padà sí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ohùn mi há. Ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún. Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń bú oòrùn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń tà.