Ẹgbẹ́ Akọ́lé-páálí

Iṣẹ́ Ògúndìran ni kó fi páálí kọ́ ilé kékeré tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń han oníbàárà. Nígbà tó gbọ́ pé kánsù fẹ́ fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fi ara rẹ̀ jẹ alága, ó tún fi ara rẹ̀ jẹ akọ̀wé. Àwọn márùn-ún yòókù tó ń ṣe iṣẹ́ náà nílùú kò dá a lóhùn nígbà tó pè wọ́n. Kálukú ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí ọgbọ́n tí òun fi ń sọ kànìnkànìn di igi kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé páálí.

Ó wọ kánsù, ó kígbe pé, “Àwá dé o!”

Obìnrin tó ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. “Ẹ̀yin ta? Alága, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.”

Ògúndìran sáré lọlé. Ó fi páálí kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé, ó fi kànìnkànìn ṣe igi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbẹ́ ère ara rẹ̀ àti àwọn márùn-ún náà sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rí, ó sì gbé e sójúde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya dé tìbínú-tìbínú.

“Ikùn ta lo gbẹ́ tó báyìí?” Sàlámì, ọ̀kan nínú wọn, ló ń pariwo.

“Kí ló dé tó o fi mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn?” Ẹlòmíràn ló ń bèèrè.

“Igi rèé? Gbé kànìnkànìn yẹn wá, jẹ́ kí n kọ́ ọ!”

Wọ́n ń bú u, wọ́n ń tún un ṣe, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé gbọ̀ngàn náà lọ sí kánsù. Alága la ẹnu, ṣùgbọ́n Sàlámì oníkùn ti ṣáájú rẹ̀ kígbe:

“Àwá dé o!”