Ọ̀nà Òkè tí Àyọ̀ká Ẹlẹ́sẹ̀-Irin Gùn Lọ sí Ọ̀dọ̀ Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹni ire gbogbo, ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín le koko àti ẹ̀yin tí ẹ ń di ògiri mú kí ẹ tó dé ẹ̀yìnkùlé, mo kí yín o. Ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹ na ẹsẹ̀ yín síwájú, nítorí ìrìn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìrìn oko. Ẹ ó gbọ́ nípa ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀kùn lọ tí kò sì tíì dé ibì kankan rí, ẹ ó gbọ́ nípa oníbodè tí ń fi ìkùukùu bora, bí ẹni tí àárò ìyá ń sọ nínú yín bá sì sunkún, kí ó má wí pé n kò kìlọ̀.

Àyọ̀ká ni orúkọ obìnrin náà, arìnrìn-gbẹ̀rẹ̀ tí í jí ṣáájú àkùkọ. Àfonífojì ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n orí òkè gíga kan ni ìyá rẹ̀ ń gbé, òkè tí kò sí ohun tí í gùn ún bí kò ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn. Tẹ́lẹ̀ rí, Àyọ̀ká kì í pẹ́ kí ó tó gòkè lọ. Yóò kúnlẹ̀, ìyá yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò sì máa kì í títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Àfi ìgbà tí ó yọ̀ lórí àpáta odò tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin so eegun pọ̀, wọ́n sì fi pọ́ọ̀pù, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, dì í. Nígbà tí wọ́n tú u, dókítà wí pé: "Màmá, iṣẹ́ tiwa parí, ó ku tiyín. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kúnlẹ̀ rárá títí n ó fi ní kí ẹ kúnlẹ̀." Àyọ̀ká ní òun gbọ́, ó sì ti ń sọ orúnkún kalẹ̀ láti fi dúpẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó gbá a mú!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àárò ìyá kò ní oògùn. Ojoojúmọ́ ni Àyọ̀ká ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ń wo èéfín ààrò ìyá rẹ̀ lókè réré. Ìyá ti darúgbó, kò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kò sì gbà á láti gòkè. Nígbà tí ẹnìkan ti òkè dé, tí ó ní ìyá kò jẹun dáadáa mọ́, orúkọ Àyọ̀ká ni ó ń pè ṣáá, Àyọ̀ká mú ọ̀pá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní: "Àyọ̀ká, dúró kí ẹsẹ̀ san." Ó dáhùn pé: "Olówó orí mi, ẹsẹ̀ yóò san. Ìyá mi ńkọ́?"

Pápá Ìkánjú ni ó kọ́kọ́ dé. Ọba ibẹ̀ tóbi bí àká, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lóǹkà, ó sì ń sáré yí ojú kan náà po láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí Àyọ̀ká ti rí irùngbọ̀n funfun, ẹ̀kọ́ ilé gbé e, ó kúnlẹ̀ gbọ́ọ̀. Inú ọba dùn. Ó kígbe pé: "Sáré dìde! Tún kúnlẹ̀! Ẹsẹ̀ tí a kò bá fi agídí lò ni í kú!" Àyọ̀ká kò lè já àgbàlagbà níyàn. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, títí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, tí kò lè gbé e mọ́. Ọba náà rẹ́rìn-ín, ó bá ti rẹ̀ lọ. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Abẹ́ igi ẹmì ni Àyọ̀ká sùn sí títí ẹsẹ̀ fi rọ̀, ó sì sunkún púpọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ó dé ìdí òkè, ó bá oníbodè tí ń jẹ́ Ẹ̀sọ̀, arúgbó tí ìkùukùu jẹ́ aṣọ rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ọ̀nà òkè. Àyọ̀ká tún fẹ́ kúnlẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ ní: "Bí orúnkún rẹ bá kan ilẹ̀, ilẹ̀kùn yìí kò ní ṣí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ṣé kí wọ́n máa wí pé ìyá mi kò kọ́ mi ni?"

"Dúró, kí o kí mi."

Àyọ̀ká dúró ṣánṣán níwájú àgbà, ojú tì í dé egungun, ó sì wí pé: "Ẹ kú iṣẹ́, Baba." Ẹ̀sọ̀ gbà á sílé. Ó kọ́ ọ kí ó máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ya ilà sórí iyanrìn, kí ó máa fi ìborùn gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ó sì rọra fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ń dùn ún, kò dáwọ́ dúró. Bí ó bá tún ti rí èéfín lókè, yóò béèrè pé, "Baba, ṣé ó ti tó?" Ẹ̀sọ̀ yóò ní, "Kò tíì tó." Ìdáhùn náà ń dun Àyọ̀ká ju ẹsẹ̀ lọ. Àmọ́ ó di òwúrọ̀ kan, bí ó ti béèrè, oníbodè dìde. Ilẹ̀kùn ni ó ṣí.

Ó gun òkè náà, ó ń gùn, ó ń sinmi. Ó bá ìyá lórí ẹní, ó ti rù hangogo. Àyọ̀ká dúró tì í, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má bínú. N kò lè kúnlẹ̀."

Ìyá wo ojú àpá iṣẹ́ abẹ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Ó ní: "Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, èmi ni mo kúnlẹ̀. Èyí tí mo kúnlẹ̀ yẹn tó fún àwa méjèèjì. Dúró bẹ́ẹ̀ kí n wò ọ́."

Ó na ọwọ́ láti gbé e lé ọmọ lórí, ọwọ́ kò tó o. Ẹsẹ̀ ni ọwọ́ tó. Ó gbé e lé ibi tí irin wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láti ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá, kí ó má fi ìtìjú ba ìwòsàn rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin àgbà, bí aláìsàn bá wọlé, ẹ tètè ní kí ó má kúnlẹ̀, nítorí inú ni ọ̀wọ̀ wà kí ó tó dé orúnkún. Ẹ rọra dìde nísinsìnyí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà láàyè nínú yín, kí ó yà kí i.