Òkunlọlá tó Fi Òùngbẹ Ṣẹ́gun

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èéfín fi ń rú ní apá òkè kí ogun tó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa létí òkun, àwọn baba wa sì rí èéfín náà. Kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí fi í sọ́kàn pé wọ́n rí i. Ẹrú ni ogun ọ̀hún ń wá. Balógun Ọdẹ́jàyí, ará ilẹ̀ òkè, ló ṣaájú rẹ̀, ọkùnrin gàgàrà tí ẹnu rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín tí ojú rẹ̀ kì í bá a rín. Abúlé tó bá wọ̀, á dáná sun ún, á pa arúgbó, á so àwọn yòókù mọ́ okùn kan lọ́rùn, á sì wọ́ wọn lọ tà fún ọkọ̀ òyìnbó. Nígbà tí ó ku dẹ̀dẹ̀ kí ó dé Ìdó-Ẹja, abúlé wa àtijọ́, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, Odùtáyọ̀ olórí wọn ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n sá wọ igbó ẹ̀gbà, igi tí í hù nínú irà oníyọ̀. Wọ́n ní àwọn ń lọ kó ọmọ ogun jọ. Nínú ẹ̀gbà, alákàn nìkan ló wà níbẹ̀ tí wọn ì bá kó jọ. Lónìí, wọ́n ń sọ ọ́ láàfin pé Odùtáyọ̀ ló fi oògùn pa Ọdẹ́jàyí. Irọ́ ni. Ìyàwó Odùtáyọ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ ló fi ṣe é, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Òkunlọlá ni orúkọ rẹ̀. Òkunlọlá, obìnrin gìrìpá, a-rìn-létí-òkun-bí-ẹni-ń-rìn-ní-yàrá, ọmọ a-figbọ̀nwọ́-wọn-kànga, òùngbẹ tí í pa balógun láìyọ idà. Ẹja gbígbẹ ló máa ń rù lọ tà ní Ẹnu-Odò, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹnu-Odò yìí gan-an ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró de Ọdẹ́jàyí, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ọkọ̀ náà yóò ṣí. Ọ̀nà kan ló wà, òun náà ni yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òkun àti irà. Nígbà tí Ọdẹ́jàyí ti so obìnrin àti ọmọdé mẹ́tàdínlógójì mọ́lẹ̀, ó béèrè ẹni tó mọ ọ̀nà.

Òkunlọlá ní, "Èmi mọ̀ ọ́n."

"Omi ńkọ́?"

"Kànga wà lọ́nà, gbígbẹ́ ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ ru omi, ẹ rù ú. Ẹja tí ẹ kó lábà wa ni kí ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà, nítorí ẹ ò ní orí méjì."

Àwọn ọmọ ogun wo ẹja, wọ́n wo ìkòkò omi. Wọ́n gbé ẹja. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fi akèrègbè kan kọ́ ìdí, ó tán. Ọdẹ́jàyí wá fa Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí Òkunlọlá bí, mọ́ra. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ mi ni èyí yóò ti máa rìn. Bí o bá ṣì wá lọ́nà, òun ni n óò kọ́kọ́ pa."

Ohun tí ará òkè kò mọ̀ rèé. Lọ́dọ̀ wọn, bí kànga bá ṣe ń jìn tó ni omi rẹ̀ ń dùn tó. Létí òkun, ìdàkejì rẹ̀ ni. Ìdí òkìtì yanrìn, níbi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, ni wàá ti fi ọwọ́ wa yanrìn, bí ọwọ́ bá ti wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, kí o dúró. Omi dídùn ló léfòó sókè níbẹ̀ bí epo ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀, omi iyọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ kọjá bẹ́ẹ̀, òkun ló ń mu. Ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa mọ èyí. Ìṣòro ọjọ́ náà sì nìyẹn, nítorí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí wọ́n so lókùn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí náà. Òkunlọlá dá orin tí a fi ń fa àwọ̀n. Ó ń fi èdè etí omi, tí ará òkè kò gbọ́ dáadáa, sọ ọ́ sáàárín orin pé kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan ẹja, kí ẹnikẹ́ni má sì wa yanrìn. Àwọn obìnrin gbè é. Àwọn ọmọ ogun rò pé ẹkún ni wọ́n ń fi orin sun.

Wọ́n rìn. Oòrùn yọ, kò sí igi tí yóò ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ogun ń jẹ ẹja oníyọ̀ bí ẹni jẹ ẹ̀pà, wọ́n sì ń mu omi lé e. Nígbà tí oòrùn fi kàn àtàrí, akèrègbè ti gbẹ. Òkunlọlá fi ibi tí wọn yóò gbẹ́ hàn wọ́n. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé àyà géńdé, omi sun, wọ́n bù ú mu, wọ́n tu ú dànù.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, òkun yín yìí láhun o. Kò ní omi kan tí kì í ṣe tirẹ̀?"

"Kò tíì jìn tó ni," Òkunlọlá dá a lóhùn. "Nílé yín, ṣé báyìí ni kànga ṣe ń mọ? Ẹ máa gbẹ́ ẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbẹ́ kànga lọ́sàn-án ọjọ́ náà, agbára wọn sì ń tán síbẹ̀. Obìnrin kan wó lulẹ̀ nínú okùn. Wọ́n gé okùn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ọmọ ọwọ́ kan kú lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá náà sì pọ̀n ọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Òkunlọlá rí gbogbo rẹ̀. Kò yọwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Níbi kànga kẹta, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sídìí òkìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún wa yanrìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé kọjá ọrùn ọwọ́. Ọdẹ́jàyí yíjú sí i. "Kí ni ọmọ yìí ń wá níbẹ̀?"

"Alákàn ni," Òkunlọlá wí. "Ebi ń pa á."

Àwẹ̀ró gbójú sókè. "Ìyá mi, kì í ṣe..."

Ìyá rẹ̀ fi gìgísẹ̀ tẹ ọwọ́ náà mọ́ ìkarahun tó wà nínú yanrìn, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ lé e. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ bí egungun ìka ṣe ń kán. Ọmọ náà ké, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sì di igbe. Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín.

"Ìyá burúkú rèé," ni ọ̀kan wí. "Òyìnbó á tọ́jú ọmọ yìí jù ọ́ lọ."

Òkunlọlá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu òkun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mu ún, a tún padà lọ mu sí i. Àwọn kan ń sínwín, àwọn kan rìn wọnú ìgbì, wọn ò jáde mọ́. Kí wọ́n tó rí Ẹnu-Odò lọ́ọ̀ọ́kán, kò sí ẹni tó lè gbé idà nínú wọn. Ọdẹ́jàyí jókòó sórí yanrìn, ahọ́n rẹ̀ wú. Òkunlọlá mú idà lórí itan Ọdẹ́jàyí, ó fi gé okùn ọrùn àwọn ènìyàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú Balógun, ó wa yanrìn dé ìgbọ̀nwọ́, ó dúró. Omi sun, ó mọ́ gaara. Ó fún àwọn ọmọdé, ó fún àwọn àgbà, òun náà mu.

Ọdẹ́jàyí na ọwọ́. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Òkunlọlá ní, "Láàárọ̀, 'ìwọ' lò ń pè mí. Òùngbẹ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Gbọ́, Ọdẹ́jàyí. Láti àárọ̀ lo ti ń rìn lórí omi. Gbogbo ibi tí o fẹsẹ̀ tẹ̀, omi wà lábẹ́ rẹ̀, kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi lọ. O rí i níbi tó ti ń wa á, o sì wò ó. Mo fọ́ ọwọ́ ọmọ mi kí o má bàa mu ún. Ṣé o rò pé ó kù èyí tí n óò fún ọ?" Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀ títí yanrìn fi fà á gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọmọ ogun kan tó ń mí. A ò sin wọ́n. Òkun ló wá kó wọn.

Wọn ò padà sórí eérú Ìdó-Ẹja. Ẹ̀gbẹ́ kànga ìgbọ̀nwọ́ yẹn ni wọ́n pàgọ́ sí, ibẹ̀ ló sì di Ìdóyanrìn tí à ń gbé. Lọ́jọ́ kẹta, Odùtáyọ̀ àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀gbà, ara wọn kún fún ẹrẹ̀. Ó gba idà Ọdẹ́jàyí, ó fi í kọ́ ara ògiri rẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ Ọlọ́jà. Idà náà ṣì wà láàfin. Kò sẹ́ni tó béèrè rí pé níbo ló ti rí i.

Ìka Àwẹ̀ró kò nà mọ́ láyé rẹ̀. Ó ń sin ìyá rẹ̀, ó ń dáná fún un, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ kò sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Òkunlọlá dàgbà tó ń kú lọ, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n gbé omi wá, ó kọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró dìde, ó lọ sétí òkun, ó fi ọwọ́ òsì wa yanrìn dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu omi sínú èèpo àgbọn, ó sì fi ọwọ́ òsì náà nà án sí ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ilé fárígá. Wọ́n ní, ọwọ́ òsì fún ẹni tó bí ọ?

Òkunlọlá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ tí mo ṣẹ́ kù fún un nìyẹn." Ó mu ún tán, ó sì kú.

Nítorí náà, bí àlejò bá wọ Ìdóyanrìn tí a fi ọwọ́ òsì gbé omi fún un, kí ó má ṣe rojú. Kò sí ẹ̀bùn tí a ní tó ju èyí lọ. Àlejò tó bá kọ̀ ọ́, a kì í bá a jà. A ó da omi náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ títí yanrìn yóò fi fà á gbẹ, a ó sì fi ọ̀nà etí òkun hàn án.