Ẹsẹ̀ Tuntun fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ fún. Irú ọkọ̀ tí àwọn tíṣà àgbà ń gùn nígbà kan ni. Bàbá náà ti kú láti ọdún mẹ́tàlá, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà kú. Ó ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ó ń ta epo sí àgbékọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì mọ ìró ẹ́ńjìnì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò ta á, kò pọ́n. Ó kàn ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń rọra ti fèrèsé. Dókítà kan tí ó mọ iṣẹ́ ojú máa ń wá sí ilé ìwòsàn ìlú kejì lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́rin. Wọ́n ti kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n sì ní kí ó dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ìyá yìí kò lè wọ ọkọ̀ èrò, òórùn rẹ̀ máa ń mú un bì. Ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ gbà. Ọmọ rẹ̀ sì ṣèlérí pé òun fúnra òun ni òun yóò gbé e lọ.

Ọkùnrin yìí ní àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ní ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n máa ń pàdé lórí pápá ilé ìwé, wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọn á sì máa fọ́nnu. Nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn gbé tirẹ̀ dé, ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Sípíríńgì tuntun, ṣọ́ọ̀kì tuntun, ríìmù tí ó fẹ̀, táyà tí ó kún abẹ́ fẹ́ńdà, irin tó borí táyà, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè. Ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀, ó dì mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà wá wo ti ọkùnrin yìí, ó ní, "Ọ̀rẹ́, tìẹ rí bí ewúrẹ́ tó ń yẹra fún omi. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín, ikùn lókè." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ó gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì àgbà tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀.

Mẹkáníìkì náà mi táyà wò. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ kí ó dúró bí ọkùnrin ni."

Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta. Sípíríńgì tuntun kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríìmù tuntun sì yọ síta ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n di nọ́ọ̀tì ìkẹyìn. Ọkọ̀ náà dúró, ó dára, kódà ẹni tó kórìíra rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀.

Àṣà kan wà nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì yẹn. Ẹsẹ̀ tuntun kì í jáde lófìfo. Bí wọ́n bá ti dì í tán, mẹkáníìkì á pàtẹ́wọ́, àwọn tó wà nítòsí á sì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà á wá, oníwáyà á wá, ẹni tó ń kun ọkọ̀ á wá. Wọn á kún inú ọkọ̀, ẹni méjì á gun bọ́ńpà iwájú kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan á yí sítíárìn dé òpin ọ̀tún, á yí i dé òpin òsì, mẹkáníìkì á sì dojú bolẹ̀ láti máa wo bóyá táyà ń kan fẹ́ńdà bó ṣe ń yí. Kò sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Òní fún ìwọ, ọ̀la fún èmi ni.

Mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dé. Ọkùnrin yìí wo ṣòkòtò fọkanáísà, ó wo àga ọkọ̀ rẹ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó rán aṣọ tuntun sí wọn, aṣọ funfun bí ẹyin.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má wọ̀ ọ́," ó ní. "Gírísì kì í jáde lára aṣọ yìí."

Fọkanáísà ní, "Ọ̀gá, ìdí mi mọ́ ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ bi ìyàwó mi."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A lè tẹ́ ọ̀rá sórí àga náà. Ọ̀gá, òfìfo ni ohun tí ẹ ń wò yìí. Táyà tó dúró gbọnrangandan kò tíì sọ nǹkan kan fún wa."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ sí àárín táyà àti fẹ́ńdà. Ìka mẹ́ta wọlé wẹ́rẹ́. "Ẹ wò ó. Ìka mẹ́ta. Kí la tún ń wá?"

"Ìka kì í ṣe èrò ọkọ̀," ni mẹkáníìkì wí.

"Mo máa gbé e padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá. Ìgbà yẹn kí wọ́n wọ̀ ọ́ bó ṣe wù wọ́n."

Ó wọ ọkọ̀, ó sì lọ. Ká má purọ́, ọkọ̀ náà rìn dáadáa láàárín ìlú. Àwọn ènìyàn ń yíjú wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó síwájú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọkọ àbúrò náà jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n máa lò ní ilé ìwòsàn. Òkè ni ọ̀nà ìlú kejì, kọ́nà rẹ̀ sì pọ̀. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, nǹkan kan dún ṣàà lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dún yẹn?" ni ọkọ àbúrò rẹ̀ wí.

"Òkúta ni," ó dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì, imú ọkọ̀ tẹrí ba, ó sì yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Etí fẹ́ńdà tó mú bí ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ táyà. Ọkọ̀ wọ́ lọ sínú gọ́tà ìhà òkè, ó sì dúró. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ó sáré ṣí bùùtù, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni táyà tó wà níbẹ̀, ihò nọ́ọ̀tì ríìmù rẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ tuntun mu mọ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ṣé a ti dé ni?"

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣẹ́jú, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó dúró fún wọn. Ìyá náà bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dé. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, a pè yín, a pè yín. A ti mú ẹni tó tẹ̀ lé yín." Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní ó di oṣù mẹ́rin tí dókítà bá padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fa ọkọ̀ náà dé ọgbà. Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ṣe ló já òun kulẹ̀ lọ́nà. Àgbà náà de táyà mìíràn mọ́ ọn, ó pàtẹ́wọ́, àwọn ènìyàn wọlé, àwọn méjì gun bọ́ńpà. Wọ́n yí sítíárìn, fẹ́ńdà sì gé táyà jẹ níbẹ̀, lábẹ́ ibòji, níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n pe ẹni tó ń lu ara ọkọ̀, ó fi òòlù ká etí fẹ́ńdà wọnú. Wọ́n tún yí i. Kò kàn án mọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Nígbà tí dókítà padà dé, ó yẹ ojú ìyá náà wò pẹ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ ṣì lè gba ti ọ̀tún là. Ó ní ti òsì ti lọ.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fún ohun àtijọ́ ní ẹsẹ̀ tuntun. O ní o ti yí padà, o ní o kì í bínú mọ́, o ní o lè tọ́jú ẹbí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o jókòó lófìfo ni o wọn ara rẹ. Jẹ́ kí ẹrù dán ọ wò, jẹ́ kí wọ́n yí ọ dé òpin. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́ bá fẹ́ wádìí rẹ, má wo ìdọ̀tí ọwọ́ wọn, jẹ́ kí wọ́n wọlé. Bí o bá kọ̀, ọ̀nà ló máa wádìí rẹ. Ẹni tó sì máa jìyà rẹ̀ lè má jẹ́ ìwọ. Ó lè jẹ́ ẹni tó jókòó tì ọ́, tó fọkàn tán ọ, tí kò sì rí ọ̀nà.