Igbá Ọdẹ́jìnmí àti Oúnjẹ Tanímọ̀la

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ta ni kò mọ òwe yìí? Àwọn ìyàwó ń fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọkọ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi bú ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé àgbà wo ló kọ́kọ́ ru igbá náà, ẹ ó ní wọ̀bìà kan ni. Ẹ dákun, kì í ṣe wọ̀bìà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, ọkùnrin náà kì í jẹun yó rárá. Nítorí ajá ló ṣe gba ẹ̀tẹ́, ìdí nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi ń dùn mí títí di òní.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, òun sì ni àgbà agboolé wọn ní abúlé Agbọ́ndùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ sí ìlú ọkọ. Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, ló kù tí wọ́n jọ ń gbé. Ajá yìí ló bọ́ sáàárín òun àti ìmàdò lọ́jọ́ tí ìbọn rẹ̀ kọ̀ tí kò dún. Tanímọ̀la wá darúgbó. Eyín rẹ̀ yọ tán, kò lè fọ́ egungun mọ́. Bí wọ́n bá ju iṣu sísun sí i, á gbóòórùn rẹ̀, á sì lọ sùn.

Ni Ọdẹ́jìnmí bá sọ ara rẹ̀ di alásè. Á yọ eegun inú ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi omi ṣan ata kúrò lára rẹ̀, á fi ọwọ́ rún un mọ́ iyán. Bó bá ti oko délé, á gbé e ka iná nínú ìkòkò kékeré kan pẹ̀lú omi àti ewé tẹ̀tẹ̀, á máa rò ó títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ ọmọ ọwọ́. Á wá jókòó tì í, á máa fẹ́ ẹ kó lè tutù. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Baba kò se irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Á ní, "Ìyẹn ní eyín."

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí gbogbo agboolé bá kóra jọ láti bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ oko rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń ru oúnjẹ àgbà lọ sóko. Wọ́n á gbé igbá kalẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sì lọ jókòó lábẹ́ igi. Àgbà á jẹ, á fi díẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó fi sílẹ̀ yìí ni oúnjẹ ọ̀sán ọmọ tó rù ú wá, ọmọ náà ni yóò sì ru igbá padà sílé. Ìyá kì í bu ti ọmọ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ àgbà ní èyí, nítorí gbogbo wọn ló ti jókòó lábẹ́ igi yẹn rí.

Ọdẹ́jìnmí náà mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀rẹ̀, òkèlè díẹ̀ ló ń dì sínú ewé fún Tanímọ̀la. Ajá náà jẹ ẹ́, ara rẹ̀ mókun, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lọ sóko. Inú Baba dùn, ó dì sí i. Nígbà tó yá, èyí tó ń dì ju èyí tó ń jẹ lọ. Nígbà tó tún yá, ó ń fi ìka nu igbá. Bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ dá a lẹ́bi, á sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá ọmọ á ti fún un ní nǹkan kó tó kúrò nílé. Ó mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìfẹ́ a máa fọ́ni lójú.

Àwẹ̀ró, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, ló ń ru igbá tirẹ̀. Ọmọ náà á wá, á ṣí igbá, á rí i pé ó mọ́ tónítóní, á dé e padà, á gbé e rù. Ọmọ kì í bi àgbà pé tèmi dà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ. Baba jẹ òkèlè mélòó kan, ó rún ìyókù mọ́ ẹja, ó dì í sínú ewé, ó gbójú sókè. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ yòókù ti ru igbá àwọn àgbà tó kù lọ, Àwẹ̀ró sì ti bá wọn lọ lọ́wọ́ òfo. Ó pè é títí, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Igbá onígbàá kò sì ṣeé fi sóko. Ó wé aṣọ rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé igbá rù.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aráyé ń rò bí wọ́n bá rí àgbà tó ru ẹrù: pé kò ní ọmọ lẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó wà létí odò rí i lókèèrè, wọ́n sáré kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Baba. Ta ló ṣe aláìsí?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Háà! Ọmọ wo ló wá jẹ́ kí ẹ ru igbá?"

Ó kọjá lára wọn. Tanímọ̀la ń ta pọ́nún-pọ́nún níwájú rẹ̀, ó ń ju ìrù, ara rẹ̀ ń dán. Ojú ti Ọdẹ́jìnmí débi pé ó ń bẹ ajá náà pé kó rọra.

Bó ṣe dé agboolé, ìyá Àwẹ̀ró fò dìde nídìí ààrò, ó gba igbá lórí rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa pàṣán yọ.

"Àwẹ̀ró! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí nílé ọkọ mi ni? O jẹ́ kí Baba ru igbá?"

Ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ebi ló ń pa mí. Bí mo bá ń ru igbá bọ̀, òòyì a máa kọ́ mi."

"Ebi báwo? Ṣé o ò jẹ èyí tí Baba fi sílẹ̀ ni?"

Ọmọ náà wo ajá. Kò wo Baba rárá.

Ìyá rẹ̀ náà wo ajá, ó wo ewé tó wà lọ́wọ́ Baba, ó sì rọra fi pàṣán sílẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ó kàn tún kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ má bínú. A ó máa se é kó pọ̀ sí i."

Bí ilẹ̀ bá lanu, Ọdẹ́jìnmí ì bá kó sínú rẹ̀. Ìtìjú mú un, kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ó na ewé náà sí Àwẹ̀ró. "Gbà, ọmọ mi. Jẹun."

Ọmọ náà tú ewé, ó wo iyán rírún tí kò ní ata, tí ẹja ti fọ́ mọ́. Ó dì í padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ ṣé, Baba. Ti Tanímọ̀la ni."

Omi bọ́ lójú àgbà ọdẹ níṣojú àwọn ìyàwó ilé.

Kò ṣíwọ́ oúnjẹ ajá sísè o. Ṣùgbọ́n iṣu tirẹ̀ ló ń gún fún un, ẹja tí òun fúnra rẹ̀ pa lódò ló sì ń yọ eegun rẹ̀. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, á jẹ díẹ̀, á fi ìlàjì sílẹ̀, á sì fi ẹja tó tóbi jù lé e lórí. Àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru igbá rẹ̀. Síbẹ̀, títí ó fi kú, kò sí ọmọ tó gbé igbá náà láì kọ́kọ́ ṣí i wò lójú rẹ̀, òun a sì máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un tí wọ́n fi ń wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn àgbà ń pa á fún baálé, ọ̀gá tàbí olóyè tó bá kó gbogbo nǹkan jẹ láì ro ti àwọn tó ń sìn ín. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni rere tó ní ìdí gidi tó fi kó gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọ tó jókòó lábẹ́ igi kò mọ ìdí. Igbá òfìfo ló rí.