Àgò Nínú Pápá

Ọmọ kékeré ni Ìbídùn, àmọ́ orí tó gbé wáyé kì í ṣe orí kékeré. Alága káńsù fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé sí pápá Òkè-Ìgbín, ó ní títì tí ọkọ̀ ti ń sáré àsápajúdé ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò kọjú sí. Àwọn ọmọ iléèwé ní kí ó jọ̀ọ́, kí ẹnu ọ̀nà náà kọjú sí iléèwé àwọn lódìkejì pápá, Alága bá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ kọ́ ilé tiyín sórí pápá náà kí n tó dé lọ́la; bí mo bá lè wọ inú rẹ̀, mo gbà." Ilẹ̀ mọ́, Ìbídùn kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná iléèwé, wọ́n ru eérú, wọ́n fi fa ìlà ògiri ilé sórí pápá, wọ́n sì fi àyè ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ níwájú iléèwé. Alága gba ọ̀dọ̀ títì dé lójú gbogbo ìlú. "Ilé ọ̀hún dà?" Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ pé kó dá eérú kọjá ni Ìbídùn figbe ta: "Bàbá, ẹ ó forí sọ ògiri o!" Alága fò sẹ́yìn, ó di orí mú, ó rọra yí ilé po títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àṣà ti bọ́ lẹ́nu àgbà: "Àgò o, onílé!" "Àgò yà!" ni àwọn ọmọ dáhùn. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé èèyàn máa ń kágò fún pápá ni?" Alága wo eérú yíká, ó ṣí fìlà fún ọmọdé. Lọ wo ilé ìkàwé náà lónìí: ibi tí Alága ti kágò gan-an ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.