Ọmọ Tó Ń Wo Iná Àgbẹ̀dẹ

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnríndé alágbẹ̀dẹ, kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n Ògúnbùnmi, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, kì í jẹ́ kó ráyè ran òwú. Bó bá ti jókòó, ọmọ á fa òwú já, á sì máa da ìbéèrè bò ó. Lọ́jọ́ kan, ìyá mú un lọ jókòó síwájú iná àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀. "Máa wòran níbẹ̀," ló wí. Ọmọ dákẹ́ rọ́rọ́. Kí a má purọ́, ìyá wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Láti ọjọ́ náà, Ògúnbùnmi fúnra rẹ̀ ló ń sáré lọ síbẹ̀. Bí ẹwìrì bá ti fẹ́ iná, á máa rí ẹṣin àti àwọn èèyàn tó ń jó nínú ẹ̀yinná. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ó ń jẹun láìmọ̀ bóyá iṣu ni tàbí ẹ̀kọ. Bí wọ́n bá rán an níyọ̀, á gbàgbé lójú ọ̀nà, á padà dé lọ́wọ́ òfo.

"Ọmọ Ògún ni," bàbá rẹ̀ á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù ti ń ba Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọmọ kúrò nídìí iná, igbe rẹ̀ á gba àdúgbò kan, ìyá á sì dá a padà. "Ó dọ̀la," ni yóò wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti ràn, ìrì ti gbẹ, ọmọ náà pè láti orí ẹní.

"Ìyá mi, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Àwẹ̀ró sáré dé ẹ̀gbẹ́ ẹní. Oòrùn wà lójú ọmọ náà gan-an, ṣùgbọ́n ìpin ti lẹ ojú méjèèjì pa, ìpéǹpéjú sì wú. Ó ké sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó sì gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá. Ìyá àgbà rọra nu ojú náà títí ó fi là díẹ̀.

"Ìka mélòó nìyí?"

Ọmọ kò kọjú sí ìka. Ibi tí ẹwìrì ti ń dún ló kọjú sí. "Mi ò rí i, Ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo iná."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá àgbà ní, "Àwẹ̀ró, ó lé lọ́gọ́rin ọdún tí mo ti ń lo ojú tèmi. Èṣí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣepin. Òwúrọ̀ ayé ni ọmọ yìí ṣì wà. Kí ni yóò fi wo alẹ́?"

Àwẹ̀ró pọn ọmọ náà, ó gbé e jìnnà sí àgbẹ̀dẹ, igbe yòówù tí ì báà ké. Odò àti eré ìta ló fi rọ́pò iná, ó sì ń tètè mú un sùn. Ojú náà là padà, ṣùgbọ́n kò là bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, àràárọ̀ ni ìyá ń jókòó ti ẹní ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rù, títí ọmọ á fi jí, tí á wí pé òun rí i.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí ni àwọn àgbà dì mú, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin.